Mo Pa Ẹnu Mọ́, Orin Kò Dákẹ́

Ẹ má ṣàánú mi o. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí mo mọ ìwà àwa tí à ń ka irú ìtàn báyìí: kí á tó kà á dé àárín, a ti ń mi orí, a ti ń sọ pé, "Ó mà ṣe o." Kò ṣe rárá. Ojú mi là kedere nígbà tí mò ń ṣe ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ẹni tó bá jẹ gbì ló ń kú gbì.

Mùtíàt ni mí, ọmọ Ṣakí. Banjul, olú-ìlú Gambia, ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí Sàláhúdéènì ti fẹ́ mi. Ike ni mò ń tà ní ọjà Albert: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, búútà àlùwàlá. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, orin Ìsìláàmù ni mo máa ń kọ níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó parí Kùránì. Ọkọ mi ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Kò sí onílù kankan lẹ́yìn wa. Ìlù, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí dórí fèrè, inú ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Àwa méjì péré là ń ṣe irú eré oníná yìí láàárín àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, èmi àti Rọ́fíàt. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Olórin méjì kò lè wà nínú ìlú kan kí wọ́n má fi wọ́n wéra. Ní ọjà, nínú ọkọ̀ gèlè-gèlè, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìbéèrè kan náà ni: "Mùtíàt ni, àbí Rọ́fíàt?" Àwọn ọkùnrin a máa jiyàn lé e lórí títí tíì wọn yóò fi tutù.

Èmi gan-an ni mo ń fi wá wéra jù. Kíbọ́ọ̀dù tiwa tuntun ni, sípíkà wa ga jù mí lọ. Tí mo bá dúró, mo dúró ṣinṣin ni, aṣọ mi ń dán, mi ò sì ní ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ mi lónìí, tẹ́ ẹ tún gbọ́ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bákan náà ni. Ti Rọ́fíàt ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ògbólógbòó kan báyìí tí eyín mélòó kan nínú rẹ̀ ti yadi. Á máa làágùn. Á gbàgbé ọ̀rọ̀ orin láàárín, á rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, á sì tún un mú. Ìwọ̀nyẹn ni mo fi ń pè é ní ọ̀bùn olórin.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fi jù mí lọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: àlejò kò gbọdọ̀ jókòó sí àga iwájú kí olórin má kí i. Wàá pè é lórúkọ, wàá pe bàbá rẹ̀, wàá sọ ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, wàá sì ṣàdúrà fún un. Bí Rọ́fíàt bá rí obìnrin kan tó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun, bàtà yẹn á ti wọ inú orin kí obìnrin náà tó rí ibi jókòó sí. Èmi ò lè ṣe irú ìyẹn. Mo ní láti ronú ná.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún 2012 ni ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo rò pé òtútù ni. Mo mu atalẹ̀, mo mu oyin, mo fa oríṣiríṣi nǹkan sí ọ̀fun. Dókítà fi iná wo inú ọ̀fun mi, ó ní nǹkan ti hù síbẹ̀.

Ó ní, "Màdáámù, má kọrin fún odindi ọdún kan. Má pariwo. Tó o bá ń fi ohùn yẹn ṣiṣẹ́ lọ báyìí, yóò lọ pátápátá."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí ọlọ́jà má pariwo? Kí Mùtíàt má kọrin fún ọdún kan, kí gbogbo ìlú wá sọ pé Rọ́fíàt nìkan ló kù? Kí n kú kúkú yá.

Mo délé, mo sunkún. Ní ọjọ́ kejì, bí a ṣe jẹun tán, ọkọ mi so kíbọ́ọ̀dù mọ́ iná, ó ki fíláàṣì kékeré kan bọ̀ ọ́, ó tẹ nǹkan kan. Ohùn mi ti àtẹ̀yìnwá jáde, ó mọ́ gaara.

Ó bi mí pé, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ọ̀fun ń dun ẹni yẹn?"

Ohun tó ní lọ́kàn ti yé mi. "Bàbá Àmídù, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ báwo? Ohùn ta ni? Ṣé mo jí ohùn ìyàwó ẹlòmíràn ni?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn orin àtijọ́, ó ti gbà wọ́n sílẹ̀ tipẹ́. Orúkọ àwọn àlejò nìkan ni mo máa ń kọ ní tuntun, nínú yàrá, lórí ìjókòó, omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá ti bi olóde pé àwọn wo ló máa jókòó níwájú, báwo ni wọ́n sì ṣe máa tò wọ́n. Tí ohùn bá há, a ó tún un kọ. Ọkọ mi á wá fi ẹ̀rọ dán an títí kò fi ní yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Tó bá dójú agbo, màá máa la ẹnu, màá máa nàka sí àlejò kọ̀ọ̀kan bí orúkọ rẹ̀ bá ṣe ń jáde. Máìkì ọwọ́ mi ò sí lára iná rárá.

Serekunda la ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí, ìyá ìyàwó dì mọ́ mi. "Mùtíàt, ohùn rẹ tún ti dọ̀tun! Kí lò ń lò?"

"Àdúrà ni," ni mo wí.

Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní tan yín jẹ. Ó dùn ju ìgbà tí mo ń fi ẹnu mi kọ ọ́ lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jìbírílù, òun ló ń ṣe ètò Yorùbá lórí rédíò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló mọ̀, àwọn mìíràn ló ń so wáyà fún un. Ní Àìkú ọjọ́ kan, ó ní kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé kí wọ́n fi èmi àti Rọ́fíàt wéra lójú agbo. Mo gbé rédíò sórí àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo tẹ́tí. Mo ti rò pé èmi ni wọn ó gbé gẹ̀gẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ní, "Mùtíàt mọ́, àmọ́ ó ti mọ́ jù. Tí mo bá fẹ́ gbọ́ nǹkan tó mọ́ báyẹn, màá jókòó sílé gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì."

Ẹnì kejì ní, "Rọ́fíàt rí mi, ó rí ìyàwó mi, ó rí oyún ìyàwó mi. Mùtíàt kì í rí ènìyàn."

Jìbírílù fúnra rẹ̀ wá fi ata sí i. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ ló ń kọrin pẹ̀lú Mùtíàt. Rọ́fíàt ló ń kọrin pẹ̀lú ẹ̀rọ."

Orí mi gbóná. Mo gbé fóònù, mo pè wọ́n, ọ̀fun mi ń ta mí bí ẹni jẹ yánrìn. Mo ní, "Jìbírílù, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ̀rọ ń bá kọrin? Rọ́fíàt yín yẹn ò fi ẹnu kọ nǹkan kan. Ó ti gbà á sílẹ̀ látilé. Ẹnu lásán ló ń là fún yín."

Jìbírílù ní, "Àǹtí Mùtíàt, ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ yìí."

"Ẹ lọ wádìí ẹ̀. Tó bá ń kọrin lọ́wọ́, ẹ yọ wáyà kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ á ṣì máa jáde."

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, àbí? Ẹ tẹ́tí kí n sọ ìkà tó wà nínú rẹ̀. Rọ́fíàt ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń so máìkì mọ́. Ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù ló ń ki máìkì rẹ̀ bọ̀, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gbà lọ sí sípíkà. Iná kíbọ́ọ̀dù ni iná máìkì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Half Die ni wọ́n ti dán an wò. Mo lọ. Mo fi ìborùn bo orí, mo dúró lẹ́yìn bí àlejò. Rọ́fíàt ń kọrin, ó ń kí àwọn àna, gbogbo agbo ń jó. Jìbírílù rìn lọ sẹ́bàá ògiri, ó sì fa wáyà yọ.

Gbogbo nǹkan dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlù, fèrè àti ohùn. Ìpayà mú Rọ́fíàt, ó dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn ni gbogbo ayé rí.

Ẹnìkan kígbe pé, "Háà! Òótọ́ ni! Ẹ̀rọ ló ń kọrin!"

"Ẹ dúró, ibi kan náà ni máìkì mi..." Rọ́fíàt fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ti ń hó lé e lórí. Obìnrin kan gba ọmọ jòjòló kúrò nítòsí rẹ̀ bí ẹni pé irọ́ ń ràn. Jìbírílù ń mi orí, wáyà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí mo bá ní mo káàánú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Inú mi dùn. Mo ra ẹ̀pà sísun lójú ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ délé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, Rọ́fíàt wá sí ìsọ̀ mi. Ó ti rù.

"Àǹtí Mùtíàt, ẹ kú ọjà o."

"Kí lo fẹ́ rà?"

"Ibi tí mò ń ki máìkì mi bọ̀, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi kì í ṣe oníwáyà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Ilé yín ni. Ẹ ní, 'Ki í sẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, títí wàá fi rówó ra ẹ̀rọ mìíràn.' Ẹ tiẹ̀ fún mi ní ìrẹsì jẹ lọ́jọ́ náà."

Ọlọ́jà tó wà ní ìsọ̀ kejì ti na etí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn," ni Rọ́fíàt wí. Kò sunkún, ìyẹn ló bí mi nínú jù. "Gbólóhùn kan péré. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbà gbọ́."

"Kí n wá máa gbèjà rẹ káàkiri? Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin."

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Mùtíàt." Kò sí Àǹtí ńbẹ̀ mọ́. "Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun."

"Olè sì ni ìyá tó bí ẹ," ni mo fi dá a lóhùn. Ohùn mi há lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì húkọ́. Ó wò mí lọ́fun, ó lọ.

Wọn ò pe Rọ́fíàt sóde mọ́. Ẹja bọ́ńgà ló ń tà ní Half Die. Gbogbo òde tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n bọ́ sí.

Wàyí o, Álífáà wa tó ní ilé-kéwú ní Box Bar fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún àwọn ọmọ tó parí Kùránì. Ó fún mi ní orúkọ àwọn òbí tó máa jókòó síwájú. Alasan wà lára wọn, ọmọbìnrin rẹ̀, Rohey, ló mọ Kùránì jù nínú wọn. Ta ni kò mọ Alasan nínú àwa ará Nàìjíríà? Òun ló ń bá wa gba ẹrù jáde ní èbúté. Ará Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, ó ti kú. Ìyá rẹ̀, Màmá Saffie, sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Akú tó wà ní Banjul, ọmọ bíbí Half Die. Ó bá ọkọ rẹ̀ gbé títí ó fi gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Alasan.

Mo jókòó sínú yàrá, mo mu omi gbígbóná mi, mo kọ orúkọ gbogbo wọn. Ti Alasan dùn ju tàwọn yòókù lọ. Ọkọ mi gan-an ní, "Èyí dùn lẹ́nu rẹ gan-an."

Kí ọjọ́ wòlímọ̀ tó pé, Alasan kú. Ó jókòó lórí ẹrù ní èbúté, ó ní kí wọ́n fún òun lómi, kò sì dìde mọ́. Mo lọ síbi ìsìnkú. Mo di Màmá Saffie mú lórí ẹní, mo sunkún, omi ojú tòótọ́ ni. Álífáà sọ lójú gbogbo wa pé Rohey yóò ka Kùránì rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, nítorí ẹ̀san rẹ̀ yóò bá bàbá rẹ̀ nínú sàréè. Ó ní Màmá Saffie ni yóò jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ṣàmín. Kò wá sí mi lọ́kàn pé orúkọ Alasan ṣì wà nínú fíláàṣì. Ọkọ mi náà gbàgbé. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe. Olórin tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin ò lè gbàgbé, nítorí ọ̀rọ̀ náà á dé ahọ́n rẹ̀ kó tó jáde. Tèmi ò gba ibi ahọ́n kọjá mọ́.

Ọ̀sán gangan ni wòlímọ̀ náà. Àwọn ọmọ wọ funfun. Rohey ka tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ò mì, àwọn àgbà ọkùnrin ń nu ojú. Màmá Saffie jókòó tààrà lórí àga ọmọ rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Rọ́fíàt jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ará Half Die tó tẹ̀lé Màmá Saffie wá. Mo rí i, mo gbé imú sókè.

Lẹ́yìn náà, Álífáà ní kí n kí àwọn àlejò. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́. Mo la ẹnu.

Orúkọ alága jáde, mo nàka sí alága. Orúkọ ẹni tó tẹ̀lé e jáde, mo nàka sí i, ó dìde, ó jó díẹ̀. Ara mi ti mọ eré náà tán. Ọwọ́ mi ti nà sí àga kẹta, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi, kí etí mi tó gbọ́ ohun tó ń jáde láti sípíkà:

"Alasan, ọmọ Saffie, mo rí ọ lórí àga,
Ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ, aṣọ rẹ funfun gbòò.
Rohey á relé ọkọ, ojú rẹ á rí i.
Ìwọ lo máa sin ìyá rẹ, ìyá rẹ kò ní sin ọ́."

Ìka mi nà sójú Màmá Saffie.

Mo pa ẹnu mọ́. Mo gbé máìkì kúrò lẹ́nu. Orin kò dákẹ́. Ohùn mi ń dún gaara lórí gbogbo agbo, ó ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún òkú, èmi sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu dídì.

"Pa á!" Mo fi ojú sọ fún ọkọ mi. Jìnnìjìnnì ti bò ó. Ó tẹ ibòmíràn, orin náà padà sẹ́yìn: "Alasan, ọmọ Saffie, mo rí ọ lórí àga..."

Màmá Saffie dìde. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ènìyàn. "Usai?" ló wí ní èdè Akú wọn. "Usai mi pikin?" Ó ń bèèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá bi mí: "Níbo lo ti rí i? Ìwọ tó o ní o rí i, níbo ló wà?"

Jìbírílù, tó wà láàárín àwọn àlejò, ló sáré lọ fa wáyà yọ. Ó dúró síbẹ̀, wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti ọjọ́ kìíní, ó ń wo ẹnu mi. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

"Orí rédíò mi lo ti sọ ọ́," ni Jìbírílù wí. "Orí rédíò mi, Mùtíàt! O ní Rọ́fíàt ló ń la ẹnu lásán."

"Ó ti gbà á sílẹ̀ látilé," ni ẹnìkan wí.

"Ó wá síbi ìsìnkú náà o! Ó sunkún o!"

"Ẹlẹ́nu èké!"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Álífáà kò wo ojú mi. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Rọ́fíàt, jọ̀ọ́, ọmọ mi, wá gba máìkì. Wá fi nǹkan rere parí ọjọ́ yìí fún wa."

Gbogbo agbo ti ń bẹ Rọ́fíàt. Ó dìde. Mo rò pé ó máa kọrin, kí ó fi orin sọ mí lókùúta. Ó kọjá níwájú mi láìwò mí, ó lọ di Màmá Saffie mú.

Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fa wáyà mi yọ, tẹ́ ẹ hó lé mi lórí? Ẹ kọ orin yín fúnra yín." Ó mú ìyá náà lọ́wọ́, Rohey tẹ̀lé wọn, wọ́n jáde. Kò sẹ́ni tó jẹ ìrẹsì ọjọ́ náà gbádùn.

Nínú takisí, ọkọ mi tẹ kíbọ́ọ̀dù tó gbé lé itan pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì rẹ́. "Kò sí ẹ̀rí mọ́," ló wí. Mo ṣépè fún un. Ìgbà tí mo ṣépè tán ni mo ṣàkíyèsí pé ohùn ò jáde, atẹ́gùn lásán ni.

Ìyà ọjà ni mo jẹ lẹ́yìn ìyẹn. Tí mo bá ń kọjá, àwọn obìnrin á la ẹnu, wọ́n á máa mi ètè, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ẹlẹ́pà ń ṣe é, ẹlẹ́ja ń ṣe é. Jìbírílù bẹ Rọ́fíàt lórí rédíò, Àìkú lẹ́yìn Àìkú, títí obìnrin náà fi padà sídìí eré. Ó dára jù mí lọ. Mo kórìíra rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ó dára jù mí lọ.

Nígbà òjò, Màmá Saffie kan ilẹ̀kùn wa. Àgbàrá Half Die ti mu ìró rẹ̀ dé orúnkún. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi ni. Mo kúnlẹ̀, mo dojú bolẹ̀ pátápátá.

Ó ní, "Dìde. Mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀. Mi ò dárí jì ẹ́, mi ò sì rò pé màá dárí jì ẹ́. Gbé ẹ̀rọ yẹn jáde."

"Ẹ̀rọ wo, Màmá?"

"Èyí tí ọmọ mi ti jókòó nínú rẹ̀." Kò jókòó, omi ń kán láti etí aṣọ rẹ̀. "Gbogbo ẹni tó ń wá kí mi, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Alasan ti lọ. Alasan ti sinmi. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ pé ó jókòó, pé ó ń rẹ́rìn-ín. Gbé e sí i, kí n gbọ́ ọ, kí n máa lọ."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo ògiri. Èmi ni mo sọ ọ́: "A ti pa á rẹ́, Màmá."

"Ẹ pa á rẹ́." Ó rọra sọ ọ́. Ó wá ní, "Ó dáa, kọ ọ́. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́?"

Mo kọ ọ́. Níwájú ẹnì kan ṣoṣo, láìsí iná, láìsí ìlù, mo kọrin sójú ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ohùn mi ń ha ilẹ̀. "Mo rí ọ lórí àga" jáde díẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ yóò ti sin ìyá rẹ̀, nǹkan kan ò jáde mọ́, èémí ni. Màmá Saffie tẹ orí ba, ó tẹ́tí gidi. Kò sí ẹni tó tẹ́tí sí mi bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo òde tí mo ti ṣe.

Nígbà tí mo ṣe tán, ó gbé orí sókè.

"Rárá," ló wí. "Kì í ṣe bí ẹ̀rọ yẹn ṣe kọ ọ́ nìyí."

Ó fún omi aṣọ rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ó sì padà sínú òjò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń jiyàn ní Banjul lórí èmi àti Rọ́fíàt, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Èmi àti ẹ̀rọ mi ni wọ́n fi wéra kẹ́yìn. Ìyá olókùú ló dá ẹjọ́ náà, nínú ilé mi, mo sì gbọ́ ẹni tó borí.